Dẹ́ẹ̀kì yẹn kò lè gbé òrùlé: ìdáhùn fún Ìyá Ìbejì tó fẹ́ kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ onínẹ́ẹ̀tì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mitchellville ní Maryland la ń gbé. Ìyá ọkọ mi máa ń wá láti Abẹ́òkúta ní oṣù karùn-ún ọdọọdún, wọ́n á sì padà sílé ní ìparí oṣù kẹsàn-án. Wọn ò fẹ́ràn kí èèyàn máa jókòó ti ẹ̀rọ amúlétutù látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìta ni wọ́n fẹ́ wà, àmọ́ ẹ̀fọn kì í jẹ́ kí wọ́n gbádùn dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn pèpéle onípákó tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ẹ̀yìn ilé náà kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Ọkọ mi ní ká kúkú kọ́ yàrá onígíláàsì síbẹ̀. Èmi rò pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ onínẹ́ẹ̀tì ti tó. Agbaṣẹ́ṣe kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ wa wá wò ó, ó sì mú ìwé olójú kan wá: dọ́là 38,000, ká san ìdajì sílẹ̀. Ó ní a ò nílò ìwé àṣẹ ìjọba nítorí dẹ́ẹ̀kì ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, orí rẹ̀ lòun máa kọ́ ọ lé. Ṣé ká fọwọ́ sí i?

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ìtọ́jú Màmá. Ẹ má tíì fọwọ́ sí ìwé yẹn. Mi ò ní kí ẹ lé arákùnrin náà dànù, mi ò sì pè é ní oníjìbìtì. Ó lè jẹ́ kápẹ́ńtà gidi. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan tó sọ fún yín ló mú kí n jókòó kọ ìdáhùn yìí gùn: pé dẹ́ẹ̀kì ti wà níbẹ̀, orí rẹ̀ lòun máa kọ́ ọ lé. Ibẹ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀.

Èèyàn àti àga ni wọ́n ṣe dẹ́ẹ̀kì yín fún. Òfin ìkọ́lé tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé ní kó lè gbé pọ́n-ùn 40 lórí ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin kan. Ẹni tó kọ́ ọ kò ro ti òrùlé mọ́ ọn. Nígbà tí ẹ bá gbé òrùlé lé e, igi òrùlé, pákó, shingle tí wọ́n fi bo òrùlé, àjà, fáànù, gbogbo ẹrù yẹn á gba inú òpó mẹ́rin kan sọ̀kalẹ̀ wọ ilẹ̀. Yìnyín ò tíì sí nínú ìṣirò yẹn o. Ká ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 16, ó sì fẹ̀ ní 12. Ojú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 192. Bí yìnyín tó gba omi bá wúwo ní pọ́n-ùn 20 péré lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, pọ́n-ùn 3,840 ló jókòó sókè yẹn, ìwọ̀n odindi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan, lórí ibi tí Màmá ń jókòó sí. Ẹni tó bá wà ní agbègbè wa ní oṣù kejì ọdún 2010 kò ní gbàgbé. Yìnyín tó bọ́ ní pápákọ̀ òfurufú Dulles láàárín ọjọ́ méjì ju íǹṣì 30 lọ. Òrùlé tí wọ́n kàn gbé lé òpó tó bá wà nílẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wó.

Ẹ wá wo abẹ́ ilẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, àpáta ni ẹni tó ń wa ìpìlẹ̀ ń bá jà. Níbí, òtútù ni. Omi tó wà nínú ilẹ̀ máa ń dì nígbà òtútù, tó bá sì dì á wú, á ti ohunkóhun tó bá wà lórí rẹ̀ sókè. Tí ooru bá dé, á tún jẹ́ kó wálẹ̀. Òpó tí ìdí rẹ̀ kò bá jìn kọjá ibi tí òtútù ń dé, ọdọọdún ni yóò máa jó lọ jó bọ̀, òrùlé orí rẹ̀ á sì máa ya. Ní apá ọ̀dọ̀ wa, íǹṣì 30 ni ìdí kọnkéré gbọ́dọ̀ jìn tó. Ẹni tó wà ní Chicago á wa 42. Bí kọnkéré náà ṣe fẹ̀ tó nísàlẹ̀ tún ṣe pàtàkì, nítorí ilẹ̀ amọ̀ wa ní Prince George's, kọ́ńtì tí Mitchellville wà, kì í gba ẹrù púpọ̀. Kò sí bí arákùnrin yẹn ṣe lè dúró lórí koríko kó mọ bí ìdí òpó yín ṣe jìn tó àti bó ṣe fẹ̀ tó. Àfi kó gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan wò. Ẹ bi í bóyá ó gbẹ́ ẹ.

Ibi kẹta tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni pákó gígùn tó so dẹ́ẹ̀kì mọ́ ara ilé. Ledger ni a ń pè é níbi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ pákó yìí máa ń dùn mí, màá sì sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orílẹ̀-èdè yìí, abẹ́ ọ̀gá kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A kọ́ dẹ́ẹ̀kì fún ìdílé kan, a sì fi ìṣó lásán kan ledger mọ́ ilé. A ò ṣí ara ilé wò, a ò fi flashing sí i, ìyẹn páànù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀yìn ara ilé kó máa darí omi síta. Ọ̀gá ní ká ṣe é kíá, ká lè bọ́ sí ibòmíràn. Mo ṣe é kíá. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, nígbà tí mo ti ń dá ṣiṣẹ́, onílé yẹn ló pè mí pé pákó ìsàlẹ̀ ń mì. Mo fi sukúdíráfà gún igi tó wà lẹ́yìn ledger. Ó wọlé títí dé èèkù, bí ẹni ki ọ̀bẹ bọ ẹ̀kọ. Igi náà ti dúdú, ó ń rùn bí ewé tó rà sábẹ́ omi. Ìṣó tí ọwọ́ èmi fúnra mi kàn, ìka méjì ni mo fi fà á yọ, bí eyín ọmọ ọdún méje. Ìdílé yẹn ti ń ṣe ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ wọn lórí rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin.

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Flashing ni ọ̀nà tí onílé ayé òde òní ń gbà kọ̀ fún àgbàrá. Nítorí náà, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni padà, ẹ jẹ́ kí Bàbá Ìbejì wọ abẹ́ dẹ́ẹ̀kì yẹn lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti sukúdíráfà. Kí wọ́n wò ó bóyá bóòtù onínọ́ọ̀tì ńlá ló di ledger mú tàbí ìṣó. Kí wọ́n gún igi lábẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, nítorí ibẹ̀ lomi ti máa ń wọlé jù. Kí wọ́n tún gún ìdí òpó kọ̀ọ̀kan níbi tó ti kan ilẹ̀. Tí ara ilé yín níbẹ̀ bá jẹ́ bíríkì, ẹ tètè mọ̀ pé bíríkì tó wà lára ilé wa níbí, aṣọ ni, kì í ṣe egungun. Igi ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń gbé ilé dúró. A kì í gbé òrùlé kọ́ bíríkì bẹ́ẹ̀ lọ́rùn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà á ní òpó tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, kó dá dúró.

Mo rò pé ẹ ti rí ibi tí mò ń lọ. Ẹ ó wó dẹ́ẹ̀kì yẹn, tàbí kí ẹ fi ìpìlẹ̀ tuntun sí abẹ́ òrùlé, kí dẹ́ẹ̀kì wà láyè tirẹ̀. Ó lè jẹ́ pé òpó mẹ́rin pẹ̀lú kọnkéré tuntun ti tó. Ẹ́ńjìníà ló máa sọ ìyẹn. Owó tí ẹ san fún un láti wá wò kó sì ya àwòrán kéré gan-an sí owó iṣẹ́ náà.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti Bàbá Ìbejì. Oṣù wo ni ẹ fẹ́ máa jókòó síbẹ̀? Ohun tó máa parí rẹ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ torí Màmá ni, láti oṣù karùn-ún dé oṣù kẹsàn-án, ẹ̀yin lẹ jàre: ọ̀dẹ̀dẹ̀ onínẹ́ẹ̀tì ni. Yàrá onígíláàsì tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ní Maryland nínú oṣù keje, ààrò ni. Ẹ gbé àga kan sórí dẹ́ẹ̀kì ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí ọkọ yín jókòó síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Kí wọ́n wá fọkàn ro bí yóò ṣe rí tí gíláàsì bá yí wọn ká tí atẹ́gùn kò sì fẹ́. Ẹ̀rọ amúlétutù ló máa gbà wọ́n, ohun tí Màmá sì ń sá fún gan-an nìyẹn.

Mo mọ̀ pé yàrá onígíláàsì dára. Nígbà tí yìnyín bá bo ilẹ̀, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ń wọlé, kò sí ibi tó dà bí i rẹ̀ nínú ilé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Òfin ka ibi tí gíláàsì bá gba ju ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ògiri òun òrùlé rẹ̀ sí sunroom, ó sì ní àṣẹ tirẹ̀. Èyí tí wọ́n ń lò ní gbogbo ọdún gbọ́dọ̀ ní ìdáàbòbò òtútù nínú ilẹ̀ àti òrùlé, kó ní ẹ̀rọ amúlégbóná, kí gíláàsì rẹ̀ jẹ́ olójú méjì. Èyí tí wọ́n ń lò fún oṣù mélòó kan, tí kò ní amúlégbóná, rọrùn jù ú lọ, àmọ́ ẹ ò ní lè jókòó níbẹ̀ ní oṣù kìíní láìwọ kóòtù. Tí ẹ bá lọ wo gíláàsì ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ wo ìwé kékeré NFRC tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. U-factor sọ bí ooru inú ilé ṣe ń sá jáde, SHGC sọ bí ti oòrùn ṣe ń wọlé. Fún ojú ìwọ̀-oòrùn, SHGC tó kéré ni kí ẹ wá. Gíláàsì tó bá sún mọ́ ilẹ̀ tàbí ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ jẹ́ tempered, irú èyí tó jẹ́ pé tó bá fọ́, á dà sílẹ̀ ní wóróówóró, kò ní dá èèyàn lára bí ọ̀bẹ.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ̀yin méjèèjì á fi rí ohun tí ẹ fẹ́, òun ni mo sì máa ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn jù. Ẹ kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ onínẹ́ẹ̀tì báyìí, ṣùgbọ́n ẹ ní kí ẹ́ńjìníà ya ìpìlẹ̀, igi ilẹ̀ àti òrùlé bí ẹni pé gíláàsì ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Kí wọ́n pín àlàfo àárín òpó sí ìwọ̀n fèrèsé tí wọ́n ń tà lọ́jà. Kí wọ́n ki páìpù wáyà sínú ògiri kí wọ́n tó bò ó. Owó díẹ̀ nìyẹn máa fi kún ti ìsinsìnyí. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, tí Màmá bá wá gbé lọ́dọ̀ yín pátápátá, fèrèsé ni ẹ kàn máa gbé sí i, ẹ ò ní wó nǹkan kan.

Ẹ má fojú kéré iṣẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀fọn tó ń jẹ Màmá lọ́sàn-án yẹn, tó dúdú tó ní ìlà funfun lẹ́sẹ̀, tiger mosquito ni wọ́n ń pè é. Láti Éṣíà ló ti wá. Ọdún 1985 ni wọ́n rí i pé ó ti fìdí múlẹ̀ ní Houston, àwọn táyà àlòkù tí wọ́n kó wọlé ló gbé e dé. Kì í dúró de ìrọ̀lẹ́ bí ẹ̀fọn ilé, inú omi díẹ̀ ló sì ń yé ẹyin sí. Páìpù rọ́bà oníhunjọ tí wọ́n fi ń darí omi ọ̀sọ̀rọ̀ kúrò nídìí ilé jẹ́ ààfin fún un, torí omi máa ń dúró sínú ìhunjọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ tiyín, ẹ fi èyí tó dán nínú rọ́pò rẹ̀. Dọ́là díẹ̀ ni, ó sì lè ràn yín lọ́wọ́ kí kápẹ́ńtà tó dé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe máa ń gbàgbé ni ilẹ̀. Àárín pákó dẹ́ẹ̀kì máa ń ní àlàfo kí omi lè gbà á kọjá. Ẹ̀fọn náà ń gbà á. Wọ́n á fi nẹ́ẹ̀tì sí ògiri mẹ́ta, á rẹwà, alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ìyàwó ilé á máa fọwọ́ gbá kókósẹ̀ ara rẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ pákó ilẹ̀, lórí igi tó gbé e, kí wọ́n tó kan pákó mọ́lẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn. Nẹ́ẹ̀tì fiberglass tí wọ́n sábà ń lò ní ojú 18 níbùú, 16 lóròó nínú íǹṣì kan, ó sì tó fún ẹ̀fọn. Tí kòkòrò kéékèèké tó ń jani bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ béèrè olójú 20 sí 20, ṣùgbọ́n atẹ́gùn tó ń gbà á wọlé á dín kù. Ẹ ní kí wọ́n ṣe é sínú férémù tó ṣeé yọ, torí ọmọ á ya á lọ́jọ́ kan, ìyẹ̀fun òdòdó aláwọ̀ ìyeyè inú oṣù kẹrin á sì bò ó. Kí ilẹ̀kùn ní sípíríǹgì tó ń tì í fúnra rẹ̀. Fáànù òkè pọn dandan: ẹ̀fọn kò lè fò dáadáa nínú afẹ́fẹ́. Kó jẹ́ èyí tí wọ́n kọ damp-rated sí lára, ìyẹn èyí tó lè fara da ọ̀rinrin. Ti inú yàrá, abẹ rẹ̀ á tẹ̀ bí etí ajá lẹ́yìn ọdún kan nínú ọ̀rinrin.

Ohun kan tún wà tí agbaṣẹ́ṣe òyìnbó kò ní rántí bi yín, mo sì mọ̀ pé ó wà. Sítóòfù gáàsì. Ilé Yorùbá mélòó ló wà ní agbègbè yìí tí wọn kì í fi dẹ́ẹ̀kì dín ẹja tàbí àkàrà, kí òórùn má bàa há sínú kápẹ́ẹ̀tì? Tí dẹ́ẹ̀kì bá ti di ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ní òrùlé, ẹ ò gbọ́dọ̀ dá iná yẹn níbẹ̀ mọ́ láé. Epo gbígbóná lábẹ́ àjà onígi, ibi tí nẹ́ẹ̀tì yí ká, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni iná fi ń mú un. Carbon monoxide, èéfín tí kò ní òórùn, sì lè gba ẹnu ilẹ̀kùn wọ inú ilé. Àwọn ènìyàn á ṣe ìlérí pé àwọn ò ní dáná níbẹ̀. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ẹ fi àyè kan sílẹ̀ ní gbangba láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 8 tí wọ́n fi òkúta tẹ́ sílẹ̀, tó jìnnà sí ògiri ilé àti sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kó wà nínú àwòrán gan-an, kó má jẹ́ ohun tí ẹ máa rò tó bá yá.

Ní ti ìwé àṣẹ, kò sí àríyànjiyàn. Òrùlé tuntun, ìpìlẹ̀ tuntun àti wáyà iná tuntun gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ní Prince George's County. Iléeṣẹ́ DPIE ló ń fún ni. Àwọn ìlú kan nínú kọ́ńtì náà tún ní tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni HOA, ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò yín, lè fẹ́ mọ àwọ̀ shingle. Tí ẹ bá kọ́ ọ láìgba àṣẹ, ó lè dákẹ́ fún ọdún mẹ́wàá. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ta ilé, tàbí tí igi bá wó lù ú tí ẹ pe iléeṣẹ́ adójútòfò, ọjọ́ yẹn ló máa sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú àṣẹ ni pé alábẹ̀wò máa wo inú ihò kí wọ́n tó da kọnkéré sí i, á sì wo egungun ilé kí wọ́n tó bò ó. Ojú kejì nìyẹn, tí kì í gba owó lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe. Tí ojú kejì bá wo iṣẹ́ èmi àti ọ̀gá mi lọ́jọ́ náà, ledger yẹn kì bá tí rà. Bí arákùnrin náà bá wá ní kí ẹ̀yin lọ gba àṣẹ lórúkọ yín, ẹ sọ pé rárá. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí àṣẹ ni ìjọba máa mú.

Kí ẹ́ńjìníà tó yà á, ẹ fún un ní plat ilé yín, àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n fún yín nígbà tí ẹ rà á. Ó ń fi hàn bí ẹ ṣe jìnnà sí ààlà, ó sì lè fi hàn ibi tí páìpù WSSC, iléeṣẹ́ omi, bá gba inú ilẹ̀ yín kọjá. Ẹ rìn yí ẹ̀yìn ilé náà ká. Ihò èéfín ẹ̀rọ amúlégbóná tàbí ti ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ ha wà níbi tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ máa bò? Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e kúrò. Fèrèsé yàrá ibùsùn ńkọ́? Fèrèsé tí ènìyàn máa gbà sá jáde nígbà iná kò gbọ́dọ̀ ṣí sínú yàrá mìíràn. Ní ti gbígbẹ́ ilẹ̀, agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ pe 811 ṣáájú kí wọ́n wá fi ọ̀dà sàmì sí ibi tí gáàsì àti wáyà wà. Ọ̀fẹ́ ni.

Ó kù owó, ó sì kù ọ̀rọ̀ pé ọmọ ìjọ ni. Òfin Maryland kò gbà kí agbaṣẹ́ṣe gba ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ ṣáájú iṣẹ́. Nínú dọ́là 38,000, ìyẹn ò ju 12,666 lọ. Ìdajì tó béèrè jẹ́ 19,000. Bóyá kò mọ òfin náà, bóyá ó mọ̀ ọ́n. Lọ́nà kejèèjì, ẹ ò gbọ́dọ̀ san án. Gbogbo ẹni tó ń tún ilé ṣe ní ìpínlẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì MHIC, àjọ ìjọba Maryland tó ń rí sí iṣẹ́ àtúnṣe ilé, nọ́ńbà láísẹ́ǹsì náà sì gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé àdéhùn. Ẹ tẹ nọ́ńbà náà sórí ojú òpó ìjọba, kí ẹ rí i pé orúkọ tó jáde ni orúkọ tó wà lórí ìwé yín. Àpò owó kan wà tí MHIC fi ń san ẹ̀san fún onílé tí agbaṣẹ́ṣe bá ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n kìkì èyí tó bá ní láísẹ́ǹsì. Ẹni tí kò ní in, ẹ̀yin àti ọmọ ìjọ yín ni, kò sí ẹlòmíràn nínú ọ̀rọ̀ náà.

Mo mọ bó ṣe máa ń rí lára, ká jókòó ti ènìyàn lọ́jọ́ Ìsinmi ká sì bi í léèrè ìwé lọ́jọ́ Ajé. Ẹ lè sọ ọ́ báyìí: "Arákùnrin, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ilé yìí ni gbogbo ohun tí a ní. Ẹ bá wa kọ nọ́ńbà MHIC yín síbí, kí iléeṣẹ́ adójútòfò yín sì fi ìwé ránṣẹ́ sí wa tààrà." Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gidi kò ní bínú. Èmi kì í bínú. Ẹ tún ní kó mú yín lọ sí ilé tó ti kọ́ irú rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kì í ṣe ti oṣù tó kọjá. Ẹ lọ lẹ́yìn òjò, ẹ wo àjà níbi tó ti kan ara ilé. Ibẹ̀ ni àbàwọ́n máa ń wà.

Ìwé olójú kan kò lè gbé iṣẹ́ yìí. Ẹ béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, kí gbogbo wọn díyelé àwòrán ẹ́ńjìníà kan náà, torí láìsí àwòrán kan ṣoṣo, ọsàn lẹ fi ń wé àgbọn. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọ irú igi, irú bóòtù, irú nẹ́ẹ̀tì, iye iná, ẹni tó máa kó pàǹtí, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí. Ní ti bóòtù, ẹ ní kó jẹ́ hot-dipped galvanized, irin tí wọ́n rì bọ síńkì, tàbí stainless, irin tí kì í tètè dípẹtà. Láti ìparí ọdún 2003 ni wọ́n ti yọ oògùn arsenic kúrò nínú igi tí wọ́n fi ń kọ́ ilé gbígbé, oògùn oníkọ́pà tó rọ́pò rẹ̀ sì máa ń jẹ irin lásán tán. Kí owó máa tẹ̀ lé iṣẹ́: díẹ̀ nígbà tí alábẹ̀wò bá gba ìpìlẹ̀, díẹ̀ nígbà tó bá gba egungun ilé, kí ìdá kan nínú mẹ́wàá dúró sọ́wọ́ yín títí ìwé ìkẹyìn fi dé. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá san, ẹ gba lien waiver, ìwé tí agbaṣẹ́ṣe àti ẹni tó kó pákó wá fi jẹ́rìí pé wọ́n ti gba owó wọn, kí gbèsè ẹlòmíràn má bàa wá há ilé yín lọ́rùn. Àyípadà yòówù, ì báà jẹ́ ibi sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ẹ kọ ọ́, ẹ fọwọ́ sí i. Tó bá sì jẹ́ pé nínú pálọ̀ yín lẹ ti fọwọ́ sí ìwé, òfin ìjọba àpapọ̀ fún yín ní ọjọ́ iṣẹ́ 3 láti yí ọkàn padà.

Tí Màmá bá ń bọ̀ ní oṣù karùn-ún tó ń bọ̀, oṣù kẹwàá yìí ni kí ẹ pe ẹ́ńjìníà. Ìwé àṣẹ lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, HOA lè fà á sí i, ó sì dára kí kọnkéré wọ ilẹ̀ kí ilẹ̀ tó dì. Nígbà tí ẹ bá ń wo àwòrán, ẹ wo ẹnu ọ̀nà tí Màmá máa gbà jáde. Ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ti inú ilé kí omi má wọlé, orúnkún àgbà kì í sì í rí irú àtẹ̀gùn kékeré bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ àtẹ̀gùn kan ṣoṣo, kí wọ́n fi ọ̀dà funfun kun etí rẹ̀, kí wọ́n kan irin kan mọ́ ògiri lápá ọ̀tún, ní gíga ọwọ́ Màmá. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù kí wọ́n wọn gíga ibi tí wọ́n máa ń dì mú nílé wọn ní Abẹ́òkúta, kí ẹ sì fún kápẹ́ńtà ní nọ́ńbà náà.